Ilé tuntun, ooru tó ń pa wá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àjà àti ògiri

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Káfíńtà òrùlé ni mí, Kàbà ni mo ń gbé, mo dẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ lọ dé Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, nígbà míì wọ́n á pè mí lọ sí Lọ́kọ́jà tí ooru tibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Tó bá ti di oṣù kejì báyìí, ìbéèrè kan náà lèèyàn máa ń pè mí sí títí òjò á fi máa rọ̀ déédéé, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n kó díẹ̀ jọ síbí, ẹnu mi ti ń bó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ilé tí mo kọ́ ò tíì pé ọdún méjì. Páànù longspan la fi bò ó, PVC, ìyẹn oníke, ni sílìn ẹ̀, àmọ́ tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìta á ti tutù, inú yàrá á ṣì máa gbóná, fáànù kàn ń fẹ́ ooru sí wa lára ni. Wọ́n ní kí n lọ ra ẹ́sì (AC). Ṣé kí n rà á?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọwọ́ yín lẹ máa kọ́kọ́ lò. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ gun àga, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílìn, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ fi kan ògiri tó kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ tún un ṣe ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tí sílìn bá gbóná lọ́sàn-án, òrùlé ló ń ṣe yín. Tí ògiri bá ṣì ń gbóná lálẹ́ bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe, á jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ló gba oòrùn pamọ́ látọ̀sán tó wá ń dá a padà fún yín nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn.

Nínú irú ilé yín yìí, méjèèjì ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ òrùlé ni ọ̀gá. Ẹ wo oṣù kẹrin, tẹ́ ẹ bá dúró níta lọ́sàn-án gangan, òjìji yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ló máa wà, torí pé orí wa gan-an ni oòrùn ń gbà kọjá lágbègbè wa níbí. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni oòrùn ń rí tó ń lù bí kò ṣe páànù? Páànù yẹn á gbóná kọjá 60 digiri. Kì í dẹ̀ ṣe afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ló ń dà wá, páànù yẹn fúnra ẹ̀ ń ràn ni, bí ìgbà téèyàn jókòó ti ẹyin iná, tí ojú ẹ̀ ń gbóná, tí ẹ̀yìn ẹ̀ tutù. Sílìn ló wá ń gba ìtànṣán yẹn. PVC fẹ́lẹ́, ihò ló pọ̀ nínú ẹ̀, kí ló fẹ́ dá dúró? Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ́sì síbẹ̀ báyìí, òrùlé lẹ fẹ́ máa fi owó iná bá jà, ẹ̀yin náà dẹ̀ mọ bí iná wa ṣe rí.

Ìbéèrè: Kí ooru òrùlé má bàa wọlé, àwọn kan ní fóìlì ni kí n lò, àwọn kan ní fáíbà onírun yẹn. Èwo ló dáa?

Iṣẹ́ wọn ò jọra, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Fáíbà, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun ẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, bí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa, tẹ́ ẹ gbé pákó lé e lórí, afẹ́fẹ́ yẹn ti lọ, agbára ẹ̀ náà ti lọ. Íǹṣì mẹ́rin ni kó nípọn, ẹ tẹ́ ẹ sórí sílìn kó wú dáadáa. Fóìlì ní tiẹ̀, dídán ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: ojú tó ń dán kì í ju ooru sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní àyè níwájú ẹ̀, ó kéré tán íǹṣì kan.

Bàbá kan ní Ìyàrá pè mí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní wọ́n ti náwó sórí fóìlì, ooru ò gbọ́. Mo gun àjà. Ẹni tó bá wọn ṣe é fi gọ́ọ̀mù lẹ fóìlì mọ́ abẹ́ páànù gbagidi, ó wá kọjú dídán ẹ̀ sókè kó kan páànù, ojú tí kò dán ló wá kọ sí wa nísàlẹ̀. Kò sí àyè kankan. Páànù gbóná, fóìlì gba gbígbóná ẹ̀ tààrà, òun náà dà bíi páànù. A tú u, a kàn án sábẹ́ igi òrùlé, dídán kọjú sísàlẹ̀, àyè wà lókè ẹ̀, àyè wà nísàlẹ̀. Fóìlì kan náà ni o, a ò ra tuntun, àfi ibi tó ya. Nígbà tí bàbá fọwọ́ kan sílìn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n wá kan án wò.

Ẹ ò rí i pé mo ní dídán kọjú sísàlẹ̀? Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí sílìn kó máa wojú ọ̀run, ọyẹ́ kan péré ni, eruku á bò ó, dídán ẹ̀ tán nìyẹn. Tówó bá wà, fóìlì lókè, fáíbà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan lowó ká, tí òrùlé ò tíì bò, ẹ mú fóìlì, àsìkò yẹn ló rọrùn jù. Tí ilé bá ti parí, fáíbà rọrùn láti tẹ́.

Ìbéèrè: Mo ti tẹ́ fáíbà, ó ti tó oṣù méjì, ó dín kù díẹ̀ àmọ́ kì í ṣe bí mo ṣe rò. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tèmi náà: òrùlé yín ní párápẹ́ẹ̀tì? Àwọn tó fẹ́ràn fáàrí ní Lọ́kọ́jà, èyí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí òrùlé ká tí wọn ò rí páànù láti ìsàlẹ̀, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ inú àjà ẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pa. Ooru á wọlé, kò ní rí ibi jáde. Àtẹ́gùn tútù gbọ́dọ̀ máa ráyè wọlé nísàlẹ̀ etí òrùlé, kí gbígbóná máa gba òkè jáde níbi tí òrùlé ti ga jù. Tí wọ́n bá ti fi PVC dí abẹ́ etí òrùlé yín pátá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fi èyí tó nílà tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá síbẹ̀, kí wọ́n sì kan nẹ́ẹ̀tì onírin tó lágbára mọ́ ọn. Ẹ má fojú kéré nẹ́ẹ̀tì yẹn o. Àdán tó bá wọ àjà yín, ẹ máa rò pé ooru sàn ju òórùn ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá fáíbà ti sún dí etí òrùlé yẹn fúnra ẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ihò tí wọ́n ń gbà gun àjà, gbogbo èèyàn ló máa ń gbàgbé ẹ̀, wọ́n á tẹ́ gbogbo ilé tán, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á wà lẹ́nu ihò yẹn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ ó mọ̀. Èkúté náà ńkọ́? Ó máa ń kó fáíbà jọ síbì kan ṣe ilé fọ́mọ ẹ̀, ibi tó ti kó o á wá ṣófo.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní òun lè bá mi ṣe é, kò sóhun tó le níbẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan. Lọ́dún 2009, ìjọba Ọsirélíà ní àwọn máa sanwó kí wọ́n bá àwọn ará ìlú tẹ́ nǹkan tó ń dá ooru dúró sínú àjà. Iṣẹ́ pọ̀, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tí ò mọṣẹ́ sínú ẹ̀. Mẹ́rin kú. Iná gbé mẹ́ta, ooru inú àjà ló pa ẹnì kẹrin. Nínú wọn lẹni tó ń fi ìṣó irin kan fóìlì, tí ìṣó gún wáyà. Fóìlì dẹ̀ rèé, irin ni, ibi tó bá dé ni iná náà dé. Oṣù kejì 2010 nìjọba dá ètò yẹn dúró.

Nítorí náà: ẹ pa iná látibi mítà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pa ínfátà, ínfátà lẹ máa ń gbàgbé. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá kẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹni kan dúró nísàlẹ̀ kó máa pe tòkè. Orí igi ni kó máa tẹ̀, sílìn ò lè gbé èèyàn. Fún fáíbà, kó wọ aṣọ alápá gígùn, kó bo imú àti ojú, yíyún ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ yí àwọn iná kéékèèké tí wọ́n rì mọ́ sílìn ká, ooru iná yẹn náà nílò ibi tó máa gbà jáde. Fóòmù funfun bíi ti àwo take-away, kó má fara kan wáyà, ó máa ń mú kí ara wáyà gan kó sì máa sán.

Ìbéèrè: Ilé ẹbí wa ní Ìsánlú, asbestos ló wà ní sílìn ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣé a lè lu ihò sí i ká fi nǹkan míì há a?

Rárá o. Ẹ má lu ihò sí i, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má gbá eruku ẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku yẹn ló máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó dẹ̀ lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ṣì dúró digbí tí kò sán, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ ṣiṣẹ́ lórí páànù láti ìta. Tó bá pọn dandan kó kúrò, ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè.

Ìbéèrè: Ògiri yàrá mi ni tèmi, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ṣé kí n fi fóòmù lẹ inú ẹ̀?

Ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́, ìta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Ògiri tí oòrùn ò bá rí kò ní gbóná, ó parí. Ilé bàbá bàbá mi, amọ̀ ni, ògiri ẹ̀ nípọn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ni àjà amọ̀ wà láàárín yàrá àti koríko òrùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo sí. Lọ́sàn-án oṣù kẹta a máa ń lọ sùn sínú yàrá ilé yẹn torí ó tutù. Búlọ́ọ̀kù oníhò íǹṣì mẹ́fà tá a ń kọ́ báyìí ò lè ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀, a dẹ̀ tún gé etí òrùlé kúrú, a gé igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ torí ewé ń já.

Ẹ kun ìta ògiri yẹn ní funfun. Ẹ na etí òrùlé ibẹ̀ síwájú tàbí kẹ́ ẹ ṣe fàràǹdà kékeré. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ fóòmù lẹ́yìn ìyẹn, ìta ni kó wà, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì àti pílásítà bò ó, torí inú ilé ni fóòmù ti léwu bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ìbéèrè: Ayálégbé ni mí, àwọn landlọ́ọ̀dù ò ní gbà kí n fọwọ́ kan àjà.

Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fi ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé kun páànù, pàápàá tó bá jẹ́ páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà, ìpẹtà yẹn ń fa oòrùn gan-an. Ẹ fọ̀ ọ́ kí eruku àti ìpẹtà tó ṣí kúrò, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Àárọ̀ ni kí ẹni tó máa kùn ún gùn ún, kí páànù tó gbóná, nítorí tó bá ti gbóná, ọ̀dà á gbẹ kó tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá di òjò kejì ẹ máa rí i tó ń ṣí bí èèpo.