Ẹ má fi Olúmọ díwọ̀n: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà ilé àwọn àlùfáà Búdà lórí òkè

Ọmọ Abẹ́òkúta kì í bẹ̀rù òkè. Láti kékeré la ti ń gun Olúmọ, a sì máa ń fi ẹni tó bá wọ ẹ̀rọ agbéniròkè níbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Fáàrí yẹn ni mo gbé dé Bhútàn, orílẹ̀-èdè olókè kan ní Éṣíà. Kò pẹ́ tí mo fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tí orí ń fọ́ mi bíi pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀.

Mítà 137 péré ni Olúmọ fi ga ju òkun lọ. Taktsang, ilé àwọn àlùfáà Búdà tí mo lọ, tí wọ́n kọ́ mọ́ ara òkè nítòsí ìlú Paro ní 1692, wà ní nǹkan bíi mítà 3,120. Paro tó wà nísàlẹ̀ gan-an ti lé ní 2,200. Èémí ló ń kọ́kọ́ dáni dúró níbẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn balẹ̀ lónìí kó sì máa gùnkè lọ́la. Ẹ sinmi nísàlẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí orí bá ń fọ́ yín tí èébì sì ń gbé yín, ẹ má kàn gbé oògùn ẹ̀fọ́rí mì kí ẹ tún máa gòkè lọ. Ẹ dúró. Bó bá ń le sí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Tengboche, irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Nẹ́pàl, tó wà ní mítà 3,867, ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá ti kọjá 3,000, kí ibi tí ẹ máa sùn má fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ.

Àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kàn. SS ò gbọdọ̀ dán irú òkè bẹ́ẹ̀ wò láìrí dókítà. Kí AS náà bi dókítà léèrè. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ àìtó afẹ́fẹ́ lè pa ọlọ-inú rẹ̀ lára.

Físà ńkọ́? Ẹ lè gbọ́ pé pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń gba ti Nẹ́pàl. Ìyẹn ò kan ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ti ẹ̀gbọ́n mi kan tá a jọ lọ. Tí àlejò bá gbé fọ́ọ̀nù wọ ojúbọ Olúmọ láìtọrọ àyè, òun ló máa kọ́kọ́ bínú. Ó dé ẹnu ọ̀nà Taktsang, wọ́n ní kó fi fọ́ọ̀nù àti báàgì sílẹ̀, ó ń bá wọn jiyàn! Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, ẹ má na ẹsẹ̀ sí ère Búdà. Tí ẹ bá ń yí ojúbọ ká, ọwọ́ ọ̀tún yín ni kó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì gbójú lé ẹṣin. Ìdajì ọ̀nà ló ń gbéni dé, kì í sì í gbéni sọ̀ kalẹ̀. Bàtà tó bá fún ẹsẹ̀ pinpin, ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀ ni èékánná yín máa mọ̀.