Ewé tíì ẹ̀yìnkùlé wa ti sọjí

Ewé tíì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba, ti gbẹ láàárín. Ewé tó kù sì tín-ín-rín bí òwú. Ará ilé ní ọyẹ́ ló pa á. Èmi ò gbà, torí ewé tó wà létí ìta ṣì tutù.

Mo fi ọkọ́ hú u. Ó ti fún pọ̀ jù: gbòǹgbò ti lọ́ mọ́ra wọn, omi ò ráyè wọ àárín mọ́. Mo pín in sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, mo da èyí tó ti kú nù. Mo gé ewé orí wọn kúrú, kí ó má baà máa gba omi tí gbòǹgbò ò tíì lè fà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, mo gbìn wọ́n síbi tí oòrùn ń pa, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn. (Ewé tíì kì í sábà yọ òdòdó, ẹni tó bá ń wá irúgbìn rẹ̀ kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni.) Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà ni mo fi sí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti ń yọ ewé tuntun, Ìyá Àgbà sì ti ń gé e sínú àgbo ibà.