Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Ńlá Sára Ògiri Ìgboro Kí Ó Lè Pẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ya àwòrán ńlá sára ògiri ìgboro máa ń kọ́kọ́ ro àwòrán náà tán lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ògiri tí wọn yóò yà á sí. Lójú tèmi, ògiri ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ yan ògiri, ẹ mọ ipò tí ó wà, ẹ mọ ẹni tí ó ni ín, kí ẹ sì mọ àwọn tí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni yóò pinnu ohun tí ẹ lè yà síbẹ̀ àti iye ọdún tí yóò lò.

Ẹ lọ wo ògiri náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì tún padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, torí pé ẹ̀yìn òjò ni àbùkù rẹ̀ máa ń hàn. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì tutù nígbà tí òkè ti gbẹ, a jẹ́ pé omi ń gun ògiri náà láti inú ilẹ̀. Bí ẹ bá sì rí lẹ́búlẹ́bú funfun tí ó hù síta lára bíríkì, iyọ̀ inú ògiri ni omi ń gbé jáde, iyọ̀ yìí kan náà ni yóò sì máa ti ọ̀dà yín láti ẹ̀yìn títí yóò fi ṣí kúrò. Ẹ wo etí òrùlé àti páìpù tí ń gbé omi òjò wálẹ̀. Bí wọ́n bá ń jò, wọ́n gbọ́dọ̀ tún wọn ṣe kí ẹ tó ra ọ̀dà. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọ̀dà àtijọ́ tí ó wà lára ògiri, kí ẹ fà á tu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀dà bá tẹ̀ lé e, ẹ ní láti họ ọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà ni, ẹ fún un ní nǹkan bí ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án, nítorí èròjà inú símẹ́ńtì tuntun máa ń ba àwọ̀ jẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwòrán tí a yà sórí ògiri tí omi ń jẹ kò yàtọ̀ sí i, bí ó ti wù kí ọwọ́ ayàwòrán dára tó.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ògiri ló kàn. Àdéhùn ẹnu kò tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye ọdún tí àwòrán yóò fi wà níbẹ̀, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì tàbí láti fi í polówó, àti iye ọjọ́ tí onílé gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí ó tó lè pa á rẹ́. Ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, David Alfaro Siqueiros, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, ya àwòrán ògiri *América Tropical* ní ọdún 1932. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kùn ún ní funfun nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ó wà nínú rẹ̀, ọdún 2012 ni wọ́n sì tó ṣí i fún àwọn ará ìlú láti wò padà. Ní New York, ẹni tí ó ni 5Pointz, ilé ńlá kan tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ya àwòrán sára ògiri rẹ̀, kun àwọn àwòrán náà ní funfun lóru ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1990 tí ó ń dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán, ilé ẹjọ́ pàṣẹ ní ọdún 2018 pé kí ó san mílíọ̀nù 6.75 dọ́là fún ayàwòrán 21, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ iye ọjọ́ ìkìlọ̀ yẹn.

Àwọn tí ń gbé àdúgbò náà ńkọ́? Ẹ má gbé àwòrán tí ẹ ti parí lọ bá wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìbéèrè ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí ayàwòrán Judith Baca ń darí àwòrán ògiri *The Great Wall of Los Angeles*, tí ó gùn ju 800 mítà lọ lára ojú ọ̀nà omi kan, àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá a kùn ún lé ní 400, ìtàn àwọn ènìyàn tí ìwé ìtàn sì máa ń fò dá ni wọ́n yà síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá ń ṣe àwòrán náà lórí ìwé, ẹ rántí pé ẹni tí yóò wò ó kì í dúró gangan níwájú rẹ̀. Yóò máa rìn kọjá, tàbí kí ó wà nínú ọkọ̀, yóò sì máa gbójú sókè. Ohun tí ó bá wà lókè máa ń súnkì lójú ẹni tí ó wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ na ojú àti ọwọ́ tí ó bá wà lápá òkè díẹ̀, kí ẹ má sì kó iṣẹ́ wẹ́wẹ́ jọ síbẹ̀.

Láti gbé àwòrán náà sórí ògiri, ọ̀nà àtijọ́ ṣì dára: bí ìwé yín bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ògiri sì fẹ̀ ní mítà 12, ẹ fi ìlà pín ìwé sí igun mẹ́rin onísẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ pín ògiri sí igun mẹ́rin onímítà 1, kí ẹ wá máa da ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ. Okùn ìwọ̀n, èyí tí a so nǹkan wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, ni kí ẹ fi fa ìlà òòró. Àwọn mìíràn máa ń kọ àmì jákujàku káàkiri ògiri, wọn á ya fọ́tò rẹ̀, wọn á sì gbé àwòrán lé fọ́tò náà nínú fóònù, kí àmì wọ̀nyẹn lè máa júwe ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ọ̀nà yìí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ lára ògiri tí ó ga púpọ̀. Ní Philadelphia, níbi tí ètò àwòrán ògiri ìlú ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, wọ́n tún máa ń kun àwòrán sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ilé, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èyí ń jẹ́ kí ọmọdé àti ẹni tí kò lè gun òkè kópa.

Ní ti ọ̀dà, lítà 1 máa ń bo nǹkan bíi mítà 8 sí 10 níbùú lóròó (square metre) lórí ògiri tí ó dán, bíríkì hágahàga sì máa ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún kíkùn ìgbà méjì. Ọ̀dà acrylic ti ìta gbangba, ọ̀dà olómi tí ó máa ń dà bí ike bí ó bá gbẹ, ni ó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lórí bíríkì tàbí símẹ́ńtì tí wọn kò kùn rí, mo fẹ́ràn ọ̀dà silicate, ọ̀dà tí a fi èròjà òkúta ṣe, èyí tí Adolf Wilhelm Keim gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1878, nítorí pé ó máa ń wọ inú ògiri tí kì í sì í dí i pa, ọ̀rinrin sì lè ráyè jáde. Ẹ ka nọ́ńbà àwọ̀ tí ó wà lára agolo: PR101 àti PY42, tí wọ́n jẹ́ oxide irin (èròjà bí ìpẹtà), máa ń fara da oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú pupa àti yẹ́lò tí ó máa ń tàn yòò ni oòrùn tètè ń ṣá. Ẹ má kun ògiri tí oòrùn ti sun gbóná; ẹ máa tẹ̀ lé òjìji.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀dà má baà kán sórí ohun tí ẹ ti parí. Fún ògiri gíga, ẹ má gbára lé àkàbà. Pèpéle onírin tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dúró lé ni kí ẹ lò, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tò ó, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì de ìgbànú ààbò mọ́ra. Bí ìjì bá dé, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ dáadáa, ẹ fi èròjà aláìláwọ̀ bò ó. Irú èyí tí a fi ìda ṣe dára níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń kọ nǹkan sára ògiri, nítorí pé ẹ lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kúrò pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ sì tún un pa láì fọwọ́ kan àwòrán. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ìwọ̀n tí ẹ fi po gbogbo àwọ̀ tí ẹ lò sínú ìwé kan, ẹ fún onílé ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì máa padà lọ wo ògiri náà lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́.