Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Ilẹ̀ Ẹbí Kí Ẹ Tó Ta Pulọ́ọ̀tì Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà nínú eékà kan ti ta ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Eékà kan níbùú lóòró jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 43,560. Pulọ́ọ̀tì tí à ń tà n'Ìbàdàn, 60 sí 120, jẹ́ 7,200. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 43,200. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó yàrá mẹ́ta. Níbo ni mọ́tò máa gbà? Níbo ni àgbàrá máa gbà?

Ọdún 31 ni mo fi ya àwòrán ilẹ̀ lábẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n agboolé bàbá tèmi gan-an ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ta ilẹ̀ wọn láìyà á, láìkọ́kọ́ fa ọ̀nà sí i. Ní òru ọjọ́ kan ní 1994, àìsàn kọlu ìyá mi, mọ́tò kò sì lè dé ẹnu ọ̀nà. Orí àga ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé e sí, tí wọ́n ń yọ́ rìn láàrin fẹ́ǹsì méjì, tí búlọ́ọ̀kù ń ha wọ́n léjìká títí wọ́n fi dé títì. Ìyá mi yè é. Fẹ́ǹsì méjèèjì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà, ẹ má tíì ranṣẹ́ pe awọnlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ń rọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ mú èèkàn dání, kí ẹ máa kàn án síbi tí omi bá ń gbà. Ẹ bi àwọn àgbà tó ti dáko níbẹ̀ rí pé ibo ni omi máa ń dúró sí nínú oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ló mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà tí odò Ògùnpa kún ní 31 oṣù Kẹjọ, 1980. Wọ́n ti kọ́lé sí etí odò náà, ìdọ̀tí sì ti dí i lọ́nà, ni ó bá gba àárín ìlú kọjá, ó sì gbé èèyàn lọ. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún omi. Èmi kì í yọ pulọ́ọ̀tì sí ibi tó bá sún mọ́ odò ju 50 ẹsẹ̀ bàtà lọ, bí odò ọ̀hún tilẹ̀ kéré. Bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti òfin ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìgbà yẹn ni awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ máa wá wọn ààlà yíká, tí yóò sì ri píílà. Ẹ mú ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí àwọn awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Ẹ má fo èyí.

Ọ̀nà ló kàn, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fà sórí ìwé, kí pulọ́ọ̀tì tó dé. Kì í ṣe àwọn Òyìnbó ló kọ́ wa. Ní Ifẹ̀ àtijọ́, láti ẹnu bodè ìlú ni àwọn ọ̀nà ńlá ti ń wọlé wá sí ààfin, ọjà ọba sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ wá ibi tí àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ gbà lọ sóko tẹ́lẹ̀; bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tẹ́jú, kí ó di ọ̀nà ńlá yín, 40 ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán. Kí àwọn tó kéré jẹ́ 30, kí ọkọ̀ apaná lè wọlé. Ẹ rí i pé ọ̀nà yín pàdé ti aládùúgbò. Ọ̀nà tó parí sí ara fẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀nà.

Mọ́gàjí kan ní eékà mẹ́wàá. Mo yọ nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀nà, gọ́tà àti ibi gbogbogbò, pulọ́ọ̀tì 42 ló kù. Bàbá fọwọ́ lérán. "Ìyá wa, 60 ni wọ́n ṣèlérí fún mi. Ṣé 18 la fẹ́ sọ nù báyìí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ ò sọ ọ́ nù. Èyí tó há sẹ́yìn tí kò lọ́nà, ta ni yóò rà á? Àwọn ọmọ yín ni yóò máa jà lé e." Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ya ibi ilé ìwé, ọjà àti ibi tí ọmọdé yóò ti máa ṣeré sọ́tọ̀ nísinsìnyí. Bí ilé bá ti bò ó, wíwó ló kù. Ẹ wo Èkó: lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà níbẹ̀, ìjọba dá àjọ tí yóò tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955, àjọ náà wó ilé àwọn èèyàn ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Sùúrùlérè, ibi tó jìnnà sí ìsọ̀ wọn. Àbújá gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ya ìlú náà kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinọlá Àgùdà ló dámọ̀ràn rẹ̀, òfin rẹ̀ jáde ní 1976, àwòrán ìlú parí ní 1979, ìjọba sì kó lọ ní 12 oṣù Kejìlá, 1991. Ọdún 15 gbáko! Síbẹ̀, mo ní ẹ̀dùn kan sí i: àwọn tó ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń to bíríkì, kò rí ibi tí agbára wọn ká nínú ìlú, ni wọ́n bá lọ kún Nyanya àti Mararaba létí ìlú, tí wọ́n ń wọ mọ́tò wọlé láràárọ̀. Ẹ̀yin ẹ gé pulọ́ọ̀tì díẹ̀ sí 30 sí 60, kí télọ̀ àti alágbo náà lè rà á.

Ẹ gbé àwòrán náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú fún ìfọwọ́sí. Kí gbogbo olórí ìdílé fọwọ́ sí ẹ̀dà kan lójú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni, ẹ háyà katapílà kí ó la àwọn ọ̀nà náà gan-an. Ọ̀nà tó wà lórí ìwé nìkan, ọmọ onílẹ̀ lè tà á lóru, ṣùgbọ́n èyí tí mọ́tò ti ń gbà, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a du ú. Lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì àti fífẹ̀ ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀.