Kọ̀ǹpútà Kan, Àkáǹtì Ogún: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Sọ́fítíwíà Sórí Windows

"A fi Chrome sórí kọ̀ǹpútà yìí lánàá, a ò rí i mọ́ lónìí." Ó wà níbẹ̀. Inú àkáǹtì ẹni tó fi í síbẹ̀ ló wà, àkáǹtì mìíràn lẹ sì fi wọlé.

1. Ẹ má rò pé inú C:\Program Files ni gbogbo sọ́fítíwíà ń lọ. Ẹni tí kò ní àṣẹ admin (alábòójútó kọ̀ǹpútà) kò lè kọ nǹkan síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà wá ń gba ẹ̀yìn: wọ́n kó o sí AppData\Local, fódà ẹni tó wọlé nìkan, wọ́n sì kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí HKEY_CURRENT_USER, apá ti ẹni náà nínú Registry (ìwé àkọsílẹ̀ Windows). Kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù, á sì máa gba àpdéètì fúnra rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù ẹnì kan, kò burú. Lórí kọ̀ǹpútà tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ ń pín lò, sọ́fítíwíà 400 MB á di 8 GB, àpdéètì kan náà á sì jẹ dátà yín nígbà ogún.

2. Ẹ ka ohun tí Windows ń béèrè. Tí ẹ bá ní "No" nígbà tí Chrome ń wá àṣẹ, á bi yín bóyá kí òun máa lọ láìsí admin. Tí ẹ bá gbà, ó di ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn.

3. Èyí ló ń bíni nínú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àkáǹtì rẹ̀ tí kì í ṣe admin. Olùkọ́ dé, ó tẹ "Run as administrator", ó fi pásíwọ́ọ̀dù admin sí i. Lójú Windows, admin ló ń ṣe é báyìí, nítorí náà AppData ti admin ni ẹrù ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ò rí nǹkan kan. Olùkọ́ tún dáńlóòdù, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́! User Installer (ẹ̀dà ti ẹnì kan) ti VS Code, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ kóòdù, tilẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé òun kì í ṣe fún admin. Wọ́n á tẹ OK, wọ́n á kọjá. System Installer, ẹ̀dà ti gbogbo àkáǹtì, ni kí ẹ gbà. Ti Python, ẹ yan "Customize installation", kí ẹ sì máàkì ibi tó ti ní "for all users". Chrome ní MSI (irú fáìlì ìfisórí kan) tirẹ̀ fún iléeṣẹ́.

Ẹ má gbé fódà láti AppData lọ sí Program Files. Registry ṣì ń tọ́ka sí ibi àtijọ́, àpdéètì ò sì ní ráyè kọ nǹkan síbẹ̀.

Ẹ má fi ti gbogbogbòò lé ti àkáǹtì kan lórí. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti àkáǹtì náà, inú àkáǹtì yẹn gan-an sì ni kí ẹ ti yọ ọ́, nítorí Settings ti admin kì í fi í hàn. Tí ẹ ò bá mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí cmd (Command Prompt), ẹ kọ where code fún VS Code: ọ̀nà fódà tó bá kọ́kọ́ jáde ni.

Kí ẹ tó pa àkáǹtì rẹ́ pẹ̀lú fáìlì rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Sọ́fítíwíà inú rẹ̀ á pa rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.