Bí mo ṣe yọ ohùn àwọn àgbà wa kúrò nínú Flash

₦120,000 ni ẹni tó ṣe sídì ìtàn ìlú wa ní 2012 ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tún san, kó tó lè bá wa ṣí ohun tí a ti sanwó rẹ̀ tán. Inú bí mi gidigidi. Ohùn àwọn bàbá àti ìyá wa ní Ìjùmú ló wà nínú sídì yẹn, púpọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Ṣé ó fẹ́ fi ohùn àwọn òkú wa pawó ni? Mo ní kí ẹgbẹ́ má san kọ́bọ̀.

Flash, ètò tí wọ́n fi ń gbé ohùn àti àwòrán tó ń yí jáde nígbà yẹn, ló fi di gbogbo rẹ̀, iléeṣẹ́ Adobe nìkan ló sì ni Flash. Láti July 2017 ni Adobe ti kéde pé àwọn ó pa á tì nígbà tí 2020 bá parí, àtọjọ́ 12 January 2021 ni kò sì ti ṣí mọ́ nínú bíráúsà. Bẹ́ẹ̀, HTML5, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé ayélujára, ti di ìlànà tí gbogbo ayé lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti October 2014. Bíráúsà fúnra rẹ̀ ló ń gbé ohùn àti fídíò jáde, kò nílò ètò àfikún (plugin) kankan.

Mo gbé JPEXS, ètò tó ń tú fáìlì Flash palẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà mi ní Kàbbà. Ọ̀fẹ́ ni. Ohùn jáde ní MP3, àwòrán náà jáde. Ìyẹn ò le.

Oríkì tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan ló fojú mi rí màbo. Lórí sídì, ó dán. Nígbà tó jáde, kò ṣeé kà. Ibi tó yẹ kí ẹ wà, ë ni mo rí. Ṣ ti di ß. Fọ́ǹtì àdáni ni ọkùnrin yẹn lò, kò lo Unicode, ìlànà tó ń mú kí lẹ́tà kan náà jáde bákan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Mo ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbà, àfi ibi tó ti fi àmì kan ṣoṣo dúró fún ò àti ọ̀. Ṣé òwò ni bàbá ń sọ ni, àbí ọ̀wọ̀? Ìwé kò lè sọ fún mi mọ́. Àfìgbà tí ìyá àgbà kan jókòó tì mí, tí à ń gbọ́ ohùn náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí mò ń tẹ̀ ẹ́ padà. “Dá a padà sẹ́yìn, ọmọ mi, ọ̀wọ̀ ló wí.” Iṣẹ́ àṣetúnṣe pátápátá, lórí ohun tí a ti sanwó fún!

Ṣùgbọ́n mo ṣe é, mo sì fi HTML5 tò ó jọ padà. Ó ń ṣí báyìí lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kódà láìsí dátà, bó bá ti wà lórí mẹ́mọ́rì, àfi máàpù kan.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba ojúlówó ohùn, àwòrán àti ọ̀rọ̀ tó wà ní Unicode lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Máàpù ìlú tó ń yí nìkan ni mo ṣì fi Ruffle, ètò tó ń ṣí fáìlì Flash nínú bíráúsà láìsí Flash fúnra rẹ̀, gbé. Ọ̀fẹ́ lòun náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn ṣí ojú ewé rẹ̀ láti inú fóldà, kò ní dáhùn. Ẹ gbé e sórí sáfà, ìyẹn ètò tàbí kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ewé ránṣẹ́ sí bíráúsà.