Àṣìṣe Àwọn Tó Fẹ́ Ka Másítà Lórí Iṣẹ́ Ọ̀dọ́ àti Ẹbí n'Íbàdàn

Ẹlòmíì á gba fọ́ọ̀mù másítà sóṣíà wọ́ọ̀kì, ìyẹn iṣẹ́ ríran ọmọ àti ẹbí tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ní kí ló dé, á ní òun fẹ́ràn ọmọdé. Ta ni ò fẹ́ràn ọmọdé? Ṣé ẹ ti jókòó ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ sá kúrò nílé rí? Ẹ kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan yọ̀ǹda ara yín nílé ọmọ aláìlóbìí kan kí ẹ tó náwó.

Tránsíkírípíìtì, ìwé èsì gbogbo ìdánwò yín ní yunifásítì, ńkọ́? Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Iléèwé tí ẹ ti jáde ló máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í kánjú.

Iṣẹ́ pápá, tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é, ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, wọ́n á kàn lọ buwọ́ lùwé, wọ́n á yísẹ̀ padà sí Agbowó níwájú yunifásítì. Ọ́fíìsì wẹ́fíà kan, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀ràn ọmọ àti ẹbí, ni wọ́n gbé èmi lọ. Wọ́n mú ọmọ ọdún 13 kan wá tòun ti abọ́ ẹ̀pà rẹ̀, apá rẹ̀ wú. Mo bi í lójú ìyá rẹ̀ pé ta ló lù ú. Ó wolẹ̀, ó ní òun ṣubú ni. Ọ̀gá mi wò mí, kò bá mi wí. Ó ní kí màmá jẹ́ káwọn jọ lọ fọwọ́ síwèé níyàrá kejì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdì ẹ̀pà tó kù. Kò tíì ka méje tó fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi òfin sílẹ̀ fún lọ́yà nìkan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Ṣùgbọ́n ẹ má wọ agboolé kan ní Bẹẹrẹ kí ẹ máa ka òfin lé mọ́gàjí lórí láìtíì kí i. Ẹ kí i, kí ẹ jókòó, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìfipábánilòpọ̀ nìkan ni kò sí ìpàdé ẹbí fún ní tèmi. Ọlọ́pàá àti ọsibítù ló kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn WhatsApp, ẹ gbọ́ o. Ọ̀kan nínú wa gbé fọ́tò ọmọ kan sórí sítátọ́ọ̀sì, ó sì fi òdòdó bo ojú rẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ló tú u. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí gbogbo àdúgbò fi mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.